Ìtàn Máíkì Kọ̀ńdẹ́ńsà: Bí Etí Ilé-Iṣẹ́ Ńlá Ṣe Di Etí Mẹ̀kúnnù

Àwọn àgbà a máa wí pé etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba ní etí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù kò ní ju etí méjì tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn lórí lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn gbígba ohùn ìlù àti ohùn orin sílẹ̀ rí fún ọdún púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò àti ilé-iṣẹ́ àwo orin ni ọba. Àwọn ni wọ́n ni etí tí ó mú, àwọn ni wọ́n sì ń yan ohun tí aráyé yóò gbọ́. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo lè ra irú etí bẹ́ẹ̀ ní iye tí kò tó owó ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń kó sápò. Ìtàn bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó mú kí nǹkan wọ́n tẹ́lẹ̀, ó ṣòro kí ó tó mọ bí a ti í lò ó nígbà tí kò wọ́n mọ́.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Máíkì ni ẹ̀rọ tí í sọ ohùn di iná mànàmáná kí wáyà lè gbé e lọ. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni dáínámíìkì, èyí tí àwọn oníwàásù àti àwọn olórin òde máa ń dì mú lọ́wọ́. Nínú rẹ̀, wáyà tín-ín-rín tí a ká jọ bí òwú lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn awọ kékeré kan, òòfà sì yí wáyà náà ká. Bí ohùn bá lu awọ, wáyà á mì, iná á sì jáde. Ó lágbára, kò bẹ̀rù kí ó já bọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù wáyà tí awọ náà ń rù kò jẹ́ kí ó lè tètè yí padà nígbà tí ohùn tín-ín-rín tí ó sì yára bá dé.

Èkejì ni kọ̀ńdẹ́ńsà. Ẹni tí ó bá mọ ìlù kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni a nà sí iwájú irin pẹlẹbẹ. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò ju ìbú fọ́nrán irun lọ. A ó wá fi agbára iná sáàárín àwọn méjèèjì. Bí ohùn bá ti awọ, àlàfo á dín. Bí awọ bá padà sẹ́yìn, àlàfo á fẹ̀. Bí àlàfo ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni iná ń yí. Awọ yìí kò ru ẹrù kankan, nítorí náà kò sí ohùn tí ó yára jù fún un láti tẹ̀ lé. Ìlù ń fi awọ sọ̀rọ̀. Máíkì yìí ń fi awọ gbọ́ràn. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbọ́ ṣaworo tí ó yí ojú ìyáàlù ká, tí ó ń gbọ́ bí èékánná ṣe ń ta okùn gìtá, tí ó sì ń gbọ́ bí ilẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ lára akèrègbè.

Ní ọdún 1916, Edward C. Wente, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Western Electric, ni ó ṣe èyí tí a lè pè ní baba gbogbo wọn, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ síta ní ọdún 1917. Kì í ṣe orin ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀ràn tẹlifóònù ni ó gba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kàn, wọ́n sì ń wá ẹ̀rọ tí wọn ó fi wọn ohùn láìṣègbè. Èédú ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú máíkì tẹlifóònù ayé ìgbà náà. Ariwo rẹ̀ pọ̀, a sì máa gbé ohùn kan ga ju èkejì lọ. Ti Wente kò ṣe ojúsàájú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí ń ti ara rẹ̀ jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè rin ọ̀nà jíjìn nínú wáyà. Ó di dandan kí a gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an, pẹ̀lú fáàfù onígíláàsì, irú èyí tí í máa wà nínú rédíò àtijọ́, àti bátìrì lóríṣiríṣi: èyí tí yóò mú fáàfù gbóná, àti èyí tí yóò fún awọ ní iná tirẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Awọ àti irin kò wọ́n. Ohun tí a fi ń bọ́ wọn ni ó wọ́n. Ìtàn tí ó kù, ìtàn bí aráyé ṣe sọ ẹrù yìí kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

A lè fi ọ̀rọ̀ tiwa wọn ohun tí iṣẹ́ Wente mú wá. Ní ọdún 1922, Ẹni Ọ̀wọ̀ Josiah Jesse Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta kọ àwọn orin ìyìn rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Kò sí máíkì níbẹ̀. Ìwo ńlá kan ni ó kọjú sí. Agbára ohùn òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́ tí ń fín àwo. Ohùn tí ó bá rẹlẹ̀ jù tàbí tí ó bá tín-ín-rín jù, ìwo kò lè gbé e. Ní ọdún 1925 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Victor àti Columbia bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ Western Electric gba orin sílẹ̀, máíkì Wente sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń kọrin jẹ́jẹ́ ti lè bá ẹni tí ń ké rara dọ́gba lójú àwo.

Ṣùgbọ́n etí náà, etí olówó ni. Nígbà tí Túndé King ti Èkó ń kọ orin jùjú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Parlophone ní nǹkan bí ọdún 1936, Òyìnbó ni ó ni ẹ̀rọ, Òyìnbó ni ó sì ń yan ẹni tí yóò kọrin àti iye tí yóò kọ. Ojú àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Oríkì tí onílù lè fi odidi òru lù, níbo ni yóò fi í sí nínú ìṣẹ́jú 3? Ohun tí kò bá ojú àwo mu, tàbí tí kò ní tà lọ́jà, kò sẹ́ni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó ni etí ni ó ń yan ohun tí àrọ́mọdọ́mọ yóò gbọ́.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Georg Neumann dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1928. Máíkì rẹ̀ àkọ́kọ́, CMV 3, ga, ó sì rí roboto tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ìgò Neumann. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì le, tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé Berlin lórí, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Gefell ní ọdún 1943. Lẹ́yìn ogun, Jámánì pín sí méjì. Gefell bọ́ sí apá ìlà-oòrùn. Neumann fúnra rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ní Berlin ti apá ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 1949 ni U 47 jáde, èyí tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo ilé ìgbohùnsílẹ̀ ayé. Awọ rẹ̀ jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a da wúrà sí lára. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń na awọ bẹ́ẹ̀, bí àwọn àyàn wa ṣe ń na awọ ewúrẹ́ sójú ìlù: bí ó bá le jù, yóò bàjẹ́; bí ó bá dẹ̀ jù, yóò bàjẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fáàfù àti àpótí iná rẹ̀ ni ó mú kí irú máíkì yìí jẹ́ ohun ìní ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan.

Ẹrù àkọ́kọ́ tí a sọ̀ ni fáàfù. Nígbà tí tíránsísítọ̀ dé, tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ, tí kò sì nílò kí a mú un gbóná, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí i pé wọ́n lè fi í rọ́pò fáàfù nínú máíkì. Ìbéèrè kan ni ó kù: níbo ni iná rẹ̀ yóò gbà wọlé? Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Nọ́ọ́wè sọ fún Neumann pé àwọn fẹ́ kí iná gba inú wáyà kan náà tí ohùn ń gbà jáde. Ilé-iṣẹ́ rédíò náà ti ní iná 48 volt tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tan àtùpà pàjáwìrì; Neumann sì mú ìwọ̀n náà lò. Lónìí, bí ẹ bá ra àpótí kékeré tí í so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí bọ́tìnnì kan lára rẹ̀ tí a kọ 48V sí. Àtùpà pàjáwìrì ilẹ̀ Nọ́ọ́wè ni ó fún wa ní nọ́ńbà yẹn.

Ẹrù kejì ni iná tí awọ fúnra rẹ̀ ń jẹ. Níhìn-ín ni ìtàn ti kan ọmọ ìran wa. James West, aláwọ̀ dúdú, ni a bí ní ọdún 1931 ní Farmville, ní agbègbè Prince Edward ní Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ibi tí ibẹ̀ jẹ́. Láti ọdún 1959 títí di ọdún 1964, àwọn aláṣẹ Prince Edward ti gbogbo ilé-ìwé ìjọba ibẹ̀ pa, kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú má baà jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun. Wọ́n dá ilé-ìwé aládàáni sílẹ̀ fún àwọn ọmọ funfun. Ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú jókòó sílé. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an, ní ọdún 1962, ni ọmọ bíbí ibẹ̀ yìí àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, fi orí kó orí ní ilé ìwádìí Bell, tí wọ́n sì ṣe máíkì tí kò bèèrè iná fún awọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí lórí bí etí ènìyàn ṣe ń gbọ́ràn ni ó gbé West dé ọ̀nà náà. Eguchi ti ilẹ̀ Jàpáánì ti fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1919 pé bí a bá yọ́ ìda, tí a fi í sáàárín iná alágbára títí ó fi dì, iná náà yóò há sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ìda ṣe awọ? Sessler àti West mú Teflon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n há iná mọ́ ọn nínú, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Awọ ti di ẹni tí ó gbé oúnjẹ rẹ̀ dání wá sáyé. Ní ọdún 1964 ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé ẹ̀rí pé àwọn ni wọ́n ṣe é. Ní ọdún 1968 a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Bátìrì kékeré kan ṣoṣo ti tó fún ìwọ̀nba tíránsísítọ̀ tí ó kù nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni kọ̀ńdẹ́ńsà ti wọ ilé mẹ̀kúnnù, bí àwa kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn rédíò onikásẹ́ẹ̀tì tí ó gbòde ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, tí a fi gba ìwàásù, ìgbéyàwó àti ewì sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, irú máíkì yìí ni ó wà ní igun ọ̀pọ̀ wọn, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kéré púpọ̀, a kò sì fi iṣẹ́ púpọ̀ sí i. Ìró rẹ̀ a máa hó ṣíì lábẹ́ orin. Ó gbọ́ ohun tí a sọ. Kò gbọ́ bí a ti sọ ọ́.

Kí etí tí ó mú gan-an tó wọlé, ohun méjì tún ní láti ṣẹlẹ̀. Ìkíní ni pé kí ilé ní ohun tí yóò gba ohùn náà sílẹ̀. Ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ TEAC ti Jàpáánì gbé Portastudio jáde, èyí tí í gba ohùn sí ipa 4 lórí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tí ó sì ṣe é gbé ka orí tábìlì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìkejì ni pé kí ọwọ́ tí ń na awọ pọ̀ sí i. Ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí a ń pè ní 718 ṣí ní Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn ará Jámánì ti apá ìlà-oòrùn ni wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ ọ. Ní ọdún 1964 a pín in sí ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Ọ̀kan nínú wọn, 798, ti di ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà lónìí. Èkejì rẹ̀, 797, ni ó di ilé máíkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Peter Freedman ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kó máíkì kọ̀ńdẹ́ńsà wá láti Ṣáínà, ó tún un ṣe, ó sì ń tà á lábẹ́ orúkọ RØDE ní iye tí ó kéré púpọ̀ sí ti Jámánì. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà kan náà. Neumann U 87, tí ó jáde ní ọdún 1967, ṣì ń gba owó tí ó lé ní dọ́là 3,000 lónìí. Ṣùgbọ́n a ń rí kọ̀ńdẹ́ńsà gidi rà ní nǹkan bí dọ́là 100.

Ṣé èyí tí kò wọ́n dára tó èyí tí ó wọ́n? Rárá o. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn ti kéré sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín yàrá rere àti yàrá búburú. Nígbà tí máíkì wọ́n, inú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni ó ń gbé, níbi tí ògiri ti nípọn, tí ilẹ̀kùn sì pa dé. Nísinsìnyí etí ti wálé, ṣùgbọ́n ilé kò tíì yí padà. Etí tí ó ń gbọ́ ṣaworo yóò gbọ́ fáànù, yóò gbọ́ ewúrẹ́ ìyá alákàrà, yóò sì gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kẹta. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ símẹ́ńtì gbòròmù, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, yóò máa dá ohùn padà bí inú kànga. Ẹ gbé tìmùtìmù ti ògiri, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn kọ́ sójú fèrèsé, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ dúró di ọ̀gànjọ́, nígbà tí àdúgbò bá ti sùn. Bí iná bá tilẹ̀ lọ, kò burú: bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká lè bọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àpótí kékeré wọ̀nyí, bọ́tìnnì 48V á sì máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà olówó kékeré ní ìwà kan: wọn a máa gbé ohùn tín-ín-rín ga ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ fi máíkì jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ìyáàlù dùndún kò fẹ́ kí máíkì wà níwájú kọ̀ǹgọ́ gan-an. Bí ó bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, yóò gbọ́ awọ, yóò gbọ́ ṣaworo, yóò sì gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń fún ọṣán. Gìtá àti agídìgbo lè sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ohun ìkọrin bá sún mọ́ ọn jù, ohùn ìsàlẹ̀ á wú bí ìyẹ̀fun tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rinrin ni ọ̀tá awọ yìí. Ní ìgbà òjò, inú àpótí tí ó dé pinpin ni kí ó máa sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí í fa omi, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun.

Àwọn kan yóò wí pé fóònù ti tó. Fóònù dára fún ìrántí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn a máa fúnra wọn gbé ohùn ga nígbà tí ó bá rẹlẹ̀, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá ga. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ kò lè fara mọ́ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé líle àti rírọ̀ ọwọ́ onílù wà lára ohun tí ó ń sọ.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi kò ju ọ̀kan lọ. Láti ìgbà ìwo Zonophone títí di ìgbà àwo oníṣẹ́jú 3, ẹlòmíràn ni ó ń yan ohun tí a ó gbọ́ nínú ohùn àwọn baba wa, nítorí pé òun ni ó ni etí. Àwáwí yẹn ti tán. Onílù àgbà kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú tí olúkúlùkù wa ti wá. Ó mọ oríkì orílẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kò mọ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tí yóò wá gbà á sílẹ̀. Ìwé ti gba díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀: Adébóyè Babalọlá gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, a kò sì lè dúpẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè pa ohùn ìlù mọ́.

Nítorí náà, bí a bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a mú máíkì kan dání. Kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá onílù. Kí a jẹ́ kí ó lù ú títí tí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, láìwo aago. Kí a kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀. Kí a sì fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Awọ ti wà níwájú irin, ó ń dúró de ohùn. Àwọn tí ó ni ohùn náà kò ní dúró dè wá títí láé.